Sámúsónì Tó Dúró Láàárín Títì

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i, èmi ni mò ń pè é ní Àǹtí mi; òun ń pè mí ní ìyàwó. Mo kàwé jù ú lọ. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwé kì í yí ipò ìyàwó ilé padà. Ẹni tó so wá pọ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀, síbẹ̀ mi ò sọ ọ́ rí lójú ẹnikẹ́ni pé irọ́ ni obìnrin yìí ń pa.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa kojú ara wa, ọ̀rọ̀ ilé mi ni. Mo ń dá gbé nínú apartment kan ní àdúgbò Third Ward, nílùú òyìnbó níbí, nítòsí yunifásítì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níbi tí kì í ṣe tèmi. Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sí ojú àwọn tí mo fi ń ṣàmì, mo sì rìn títí ẹsẹ̀ mi fi wú kí n tó pe ọmọ mi obìnrin. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé kí n kó wá sọ́dọ̀ òun ní Pasadena. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ shift níléeṣẹ́ epo. Ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Mo ní mi ò lọ. Ó ní kí ẹbí dá sí i. Ẹbí tó kù fún wa nítòsí, Àǹtí mi nìkan ni, tó ń gbé ní Baytown.

Wọ́n pè mí jókòó ní pálọ̀ ọmọ mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o sọnù."

"Mi ò sọnù, Àǹtí mi. Mo ṣìnà ni."

"Hẹn-ẹ́n. O kú orí ire." Ó yíjú sí ọmọ mi. "Tipẹ́tipẹ́ ni nǹkan ti ń dàrú lórí ìyá ẹ. Ṣé kò ti sọ fún ẹ pé òun bá wa lọ ra léèsì ní Bern?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn làwọ́n yan èyí tó funfun yẹn."

"Kò dé ọjà yẹn! Hòtẹ́ẹ̀lì ló sùn sí. Èmi àti bàbá ẹ la lọ."

Ó ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìdílé láti ìgbà ọ̀dọ́ wa. Ọkọ mi ló lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Bern, ní Switzerland, mo tẹ̀ lé e, àbúrò rẹ̀ sì wá bá wa láti London níbi tó ti ń kàwé. Léèsì Switzerland ni gbogbo ilé wa ń retí nígbà náà. Ẹni tó bá yàn án lójú ẹ̀ mọ nǹkan tó dára. Àǹtí mi gba iyì náà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì lò ó gbó.

"Ó dáa," ọmọ mi wí, pẹ̀lú ohùn tí nọ́ọ̀sì fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Mummy, ẹ sọ bí àdúgbò yẹn ṣe rí."

Mo ti ṣe ìdánwò fún àwọn ènìyàn púpọ̀ láyé mi. Mo mọ̀ pé ìdánwò nìyí, ilé mi ni wọ́n sì fi ṣe máàkì.

"Títì olókùúta ni, ó gùn, ilé àtijọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn lọ́tùn-ún lósì. Ìta gbangba ni. Sámúsónì wà láàárín títì, ó ń fa ẹnu kìnnìún ya. Omi ń dà lábẹ́ rẹ̀."

Àǹtí mi pàtẹ́wọ́.

"Sámúsónì! Dèlílà ńkọ́, ṣé kò jókòó síbẹ̀ tó ń fá orí? Ìta gbangba wo? Abẹ́ òrùlé la ti ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀kán omi kan ò kàn wá."

Béárì kan tó wọ ẹ̀wù irin, tí mo tún rántí níbẹ̀, ló kù lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Ta ni yóò fi ẹni tó rí béárì nínú ẹ̀wù irin sílẹ̀ kó máa dá gbé? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ṣé inú Bíbélì alàwòrán ni mo ti rí Sámúsónì? Ṣé mo lọ lóòótọ́, àbí ọkọ mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi tí mo sọ ọ́ di tèmi? Òjò náà nìkan ló dá mi lójú. Mo rántí pé ó wọ bàtà mi.

Ọmọ mi wá àdúgbò náà lórí fóònù, ó gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó ló yọ, ó gùn lọ tààrà lábẹ́ àwọn ilé, ṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ò rí i?" ni Àǹtí mi wí.

Mo wò ó, mi ò dá ohunkóhun mọ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ tí mo wọ̀ rí. Mo ti ń ro iye ẹrù mi tí pálọ̀ yìí lè gbà.

Ọmọ mi tún fọwọ́ kan fóònù, àwòrán náà jáde sí àárín títì. Ère Sámúsónì dúró lórí òpó tí omi ń dà lábẹ́ rẹ̀, ó gùn kìnnìún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu ẹranko náà. Ère béárì wà níwájú, ó dé àṣíborí irin, ó gbé àsíá dání.

"Ibì kan náà ni," ọmọ mi wí. "Àmọ́ Mummy, kí lẹ ń ṣe láàárín títì nínú òjò?"

Mi ò rántí ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀.

Àǹtí mi ló dáhùn, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n. "Ẹrù ló ń ṣọ́. A fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà, àpótí wa pọ̀. Mo ní kó dúró tì wọ́n títí a ó fi ra léèsì dé."

"Ẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà, Àǹtí."

"Ìyàwó ní í ṣọ́ ẹrù. Kí ló burú níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà, láìwò mí: "Fi í sílẹ̀ nílé rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí àwòrán ló rán an létí. Mi ò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe é tàbí ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lè ní kí n dúró, kí n sì dúró. Ó tọ́ kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́, bí ìyàwó ti ń ṣe. Mo jókòó. Mo ti dúró tó.

Ọmọ mi gbé mi padà sí Third Ward. Nígbà tí a dé, kò lọ; ó tan iná mọ́tò sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń wò mí. Kọ́kọ́rọ́ tí mo kọ́kọ́ mú kò wọlé. Mo rọra wá òmíràn, kó má bàa rí i pé mo ṣì í mú. Ìyẹn wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí mo fi gbọ́ pé mọ́tò náà ti lọ.