Òrùka Tí Ìyàwó Mi Gbà Lọ́wọ́ Omi

Títí di òní, bí òórùn gíríìsì tuntun bá kọlu imú mi, mo máa ń kọ́kọ́ wá ohun tí mo máa dì mú kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ìgbà tí mo ń wa kíréènì ló ń rán mi létí. Kì í ṣe àwọn kíréènì gìrìwò tó wà ní èbúté Lomé o. Tiwa jẹ́ ògbólógbòó kan tí patírọ́ọ̀n wa, ẹni tó gbà wá síṣẹ́, fi ń gbé páìpù kọnkéré níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ létí òkun, tí ọ̀gá mẹkáníìkì wa, ọmọ Sakété, sì ń tún ṣe ní àtúntúnṣe nínú ọgbà kan ní Adakpamé, àdúgbò kan ní Lomé. Èmi àti ìyàwó mi ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọgbà náà. Mo máa ń wọ awò dúdú gun òkè lọ jókòó, mo sì rò pé gbogbo ẹni tó bá gbójú sókè, èmi ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Páìpù tó rọ̀ lókè orí wọn ni wọ́n ń wò.

Ìsàlẹ̀ kíréènì kì í yí, òkè rẹ̀ ló ń yí. Òrùka irin kan ló wà láàárín méjèèjì, rúlúmáà ńlá ni àwa ń pè é, ó fẹ̀ ju ẹnu kànga lọ, bọ́ọ̀lù irin sì kún inú rẹ̀. Òun ni apá kíréènì, ẹrù tó gbé, àti ẹni tó ń wà á gbára lé pátápátá. Tiwa ti jẹ tán, patírọ́ọ̀n sì ra tuntun láti òkè òkun. Nígbà tó dé, ọ̀gá tẹ́ pákó sílẹ̀ nínú ọgbà, a tẹ́ òrùka náà lé e pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, a ń retí àwọn bóòtù tuntun tí a ó fi dè é, tó kù lẹ́yìn.

Kí bóòtù tó dé, ìyá ọ̀gá kú ní Sakété, gbogbo wa sì bá a lọ sin òkú. Ìyàwó mi nìkan ló kù nílé, nítorí oyún rẹ̀ ti kọjá èyí tí a ń gbé sínú mọ́tò ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yìn wa ni òjò dé. Ẹni tó bá mọ Adakpamé mọ̀ pé omi ibẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí omi dé ara pákó, ìyàwó mi ké sí àwọn ọkùnrin àdúgbò. Ibi kan ṣoṣo tó ga ju omi lọ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá wa, ó sì ṣe tóóró, kò gba òrùka lórí ìdùbúlẹ̀. Wọ́n bá gbé e dúró, wọ́n fokùn fà á, wọ́n yí i bíi táyà gun orí pákó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ti ògiri, wọ́n sì so ó mọ́ òpó.

Nígbà tí a dé tí ọ̀gá rí òrùka níbi tó dúró sí, gbígbẹ, láìsí ìpẹtà kankan lára rẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, akpé, akpé, a dúpẹ́ o! Ìwọ lo gba iṣẹ́ wa là. Oore kì í gbé." Patírọ́ọ̀n fi odindi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Èmi ńkọ́? Mo ń ròyìn rẹ̀ kiri bí ẹni pé ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n. Ọgbà ṣì kún fún ẹrẹ̀, bóòtù náà kò sì tètè dé, nítorí náà òrùka dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òjò ọdún náà fi tán. Ìyàwó mi bímọ, ó ń sá ṣẹ́ẹ̀tì mi lé òrùka náà, ó sì ń pè é ní òrùka òun.

Ọjọ́ tí a fẹ́ dè é, ọ̀gá ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó ní ká ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tí òrùka máa jókòó sí títí irin fi ń dán. Kò jẹ́ ká fọwọ́ kan bóòtù àtijọ́ kankan. Bí a bá ti fún ọ̀kan níhìn-ín, a ó kọjá sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, kí ó lè jókòó déédéé. Kí a tó gbé òkè kíréènì lé e, a fọwọ́ tì í kó yí. Ó ń yọ̀ lọ, ó wá le, ó tún yọ̀, ó tún le ní òdìkejì. Ọ̀gá dúró, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan?" mo bi í.

"Nẹ́fù ni, tuntun ni. Bàtà tuntun náà máa ń fún ni lẹ́sẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dẹ̀."

Avépozo létí òkun ni a kọ́kọ́ gbé kíréènì náà lọ. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún wa, ó fi aṣọ patírọ́ọ̀n pọn ọmọ, ó ní òun fẹ́ rí òrùka òun lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọ awò mi, mo gbé páìpù nílẹ̀, mo yí sápá òsì. Ó ń lọ dáadáa. Bó ṣe dé ibi tó ti máa ń le yẹn, mo gbọ́ gbàù! Mo rò pé táyà ọkọ̀ kan ló bẹ́ lójú títì. Èkejì dún lábẹ́ ìdí mi gan-an, orí bóòtù kan sì fò kọjá níwájú dígí. Àga mi rì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí omi inú àwo tí a gbé wọ́. Ọwọ́ mi nìkan ló rántí iṣẹ́ rẹ̀ tó sọ páìpù kalẹ̀. Òkè kíréènì sì dúró bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ìwọ̀nba bóòtù tó kù.

"Má mira!" Ọ̀gá ń ké nísàlẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, má mira!"

Mo rí ìyàwó mi lábẹ́ igi àgbọn. Ó ti gbá ọmọ mọ́ àyà, aṣọ wà nínú iyanrìn. Wọ́n gbé àkàbà wá, mo sọ̀ kalẹ̀ bí arúgbó. Èmi aláwò dúdú, mo kúnlẹ̀ mo ń bì níṣojú gbogbo ayé.

Ẹni tí àwọn tó ta òrùka náà rán wá wọ̀n ọ́n yí ká. Ó ní kò rí róbótó mọ́, ó ti gùn díẹ̀ sí apá kan. Ó bi wá bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ kó tó di pé a lò ó, a sì sọ fún un. Ó wá ṣàlàyé pé a kì í gbé irú òrùka ńlá bẹ́ẹ̀ dúró pẹ́, pé ìwọ̀n ara rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, orí ìdùbúlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Bí a ti de èyí tó ti wọ́ mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ há níbi méjì. Nígbà tí ẹrù dé bá a, kò lè yí mọ́, bóòtù sì já. Mo ti ń wá ọ̀tá tó fẹ́ pa mí láti ọjọ́ náà, àṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló wà, níbi tí mo ti ń ká ṣẹ́ẹ̀tì mi lórí rẹ̀ láràárọ̀. Omi kò ba òrùka náà jẹ́. Gbígbà tí a gbà á lọ́wọ́ omi ló bà á jẹ́.

Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ó wọ́. Irin yẹn sọ fún ọwọ́ mi, mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, má jẹ́ kó dé etí ìyàwó rẹ." A sọ fún un pé bóòtù ló burú.

Mi ò gun kíréènì mọ́ láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ọ̀gá ni mo kọ́, nígbà tó sì darúgbó tó padà sí Sakété, ọwọ́ mi ló fi ọgbà sí. Láìpẹ́ yìí ni òrùka ńlá mìíràn dé. A to búlọ́ọ̀kù ga ju ibi tí omi lè dé, a tẹ́ pákó lé e, a ń tẹ́ òrùka lé pákó lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi jáde.

"Ọkọ mi, òjò ti ṣú o. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e dúró bíi tìjọ́sí?"

Kí n tó lanu, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ti dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Màmá, ti ńlá báyìí kì í dúró. Á wọ́. Ó lè pààyàn."

Ẹ̀rín wà lójú ìyàwó mi nígbà tó ń gbọ́ ọ, mo sì rí i bí ẹ̀rín náà ṣe ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wo òrùka, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò mí. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń múra irọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo gbójú sílẹ̀, mo ń wo pákó.

"Bóòtù kọ́," ó ní. Nígbà tó yá, ó tún ní, "Ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé kò jẹ̀bi, pé ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe ohun tó ṣe. Á ní òun mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí aṣọ patírọ́ọ̀n lára rẹ̀ mọ́, bí òjò bá sì ti ń ṣú báyìí, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde sínú ọgbà. Á dúró ti òrùka náà, kò ní fọwọ́ kàn án. Á bi mí láti ibẹ̀ bóyá ó dùbúlẹ̀ dáadáa, èmi náà á dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé ó dùbúlẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìyàwó mi, mo máa ń jáde lọ mú un wọlé.