Àga Màmá Nínú Ìgbìmọ̀ Yunifásítì

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí yunifásítì tuntun kan wá sí Agége láti tọrọ ilẹ̀ nínú oko obì wa. Àwọn ọkùnrin ilé ti gbà, wọ́n sì ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn. Èmi tí mo kàn wá kí wọn nílé, inú bí mi dé góńgó. Nínú ẹbí wa, a kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìpe àwa ọmọ obìnrin wálé láti ilé ọkọ wa. Ta ló pè wá? Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni?

Mo sáré lọ sí Ìkẹjà lọ mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá. Bí àwọn àlejò ṣe ń dágbére ni Màmá wọlé, Màmá ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n jókòó.

“Ta ni yóò máa darí ilé ìwé yìí?”

Alága ìgbìmọ̀ ní, “Àwa ni, mà.”

“Obìnrin mélòó ló wà nínú yín?”

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Alága ní, “Mà, a ò rí obìnrin nínú ìgbìmọ̀ yunifásítì rí.”

“Ẹ ò rí yunifásítì nínú oko obì wa náà rí.”

Màmá ní àwọn ò fẹ́ kọ́bọ̀, àga kan nínú ìgbìmọ̀ làwọn ń fẹ́. Òjò rọ̀, òjò dá, kí alága tó gbà.

Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, èmi ni mo sin Màmá lọ. Alága dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin pàtàkì…”

Màmá wúkọ́.

Alága jókòó. Ó tún dìde.

“Màmá wa,” ló fi bẹ̀rẹ̀.