Iyán Moróunkẹ́ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ilẹ̀

Ọdún mọ́kànlá ni Kàmọ́rù ọmọ Ṣakí fi ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ilẹ̀, nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn Agbowó. Inú kòtò ni ẹ̀rọ náà wà, ó dákẹ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí eṣinṣin bà lé ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ á fa ìlà sórí bébà. Èmi gan-an, aládùúgbò Kàmọ́rù, wúkọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìlà tó fà ga ju Òkè Màpó lọ.

Kàmọ́rù ló là á yé mi.

"Bàbá, ṣé ẹ rí àwọn oníbàrà ní Sábó? Wọn kì í la bàrà kí wọ́n tó mọ̀ pé ó pọ́n. Wọ́n á fìka lù ú, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì ní Japáànù, ìró ẹ̀ á gba inú ilẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ìró kan wà tí kì í la ohun tó ń ṣàn kọjá. Ibi tó ti pòórá ni wọ́n fi mọ̀ pé irin yíyọ́ ń bẹ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ta ló débẹ̀ rí?"

"Kò sẹ́ni tó débẹ̀, Bàbá. Etí là ń lò."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ ohun tó bá mi ilẹ̀ nítòsí sínú ìwé ńlá kan, tírélà o, ààrá o, kí àwọn ọ̀gá má baà rò pé láti ìsàlẹ̀ ló ti wá. Iṣẹ́ yìí náà ló fún un ní yàrá tí òun àti Moróunkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń gbé lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Moróunkẹ́ kì í jẹun ìrọ̀lẹ́ tí kò bá ṣe iyán. Lọ́dún tó kọjá, odó rẹ̀ là, wọ́n bá fi tuntun ránṣẹ́ láti Ṣakí, odó tí ọkùnrin mẹ́fà gbé wọlé.

Dókítà Ọmọ́níyì, ọ̀gá tuntun tí Kàmọ́rù lè bí lọ́mọ, rí i pé ìlà ń fò sókè nírọ̀lẹ́. Kò ṣí ìwé Kàmọ́rù wò. Ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn ló gbà lọ: ilẹ̀ ń mì lábẹ́ Agbowó! Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Kàmọ́rù gbé ìwé lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iyán ni."

"Kí ni iyán?"

"Èyí tó ń mì, sà. Ẹ wò ó: aago méje, iyán. Aago méje, iyán. Sátidé, àlejò wá, iyán púpọ̀."

"Ṣé kí n wá lọ sọ fáyé pé odó ìyàwó ẹ ni mo gbọ́? Ya àwọn ojú ìwé yẹn."

"Mi ò lè ya á, sà."

Nílé, Moróunkẹ́ fárígá. "Ya á jàre! Ṣé òtítọ́ lórùlé tá a máa sùn sábẹ́ ẹ̀ ni?"

"Bí mo bá ya ìyẹn, kí ni iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá tí mo ṣe jẹ́?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́tà dé. Kàmọ́rù ní kí n kà á kí òun fetí ara òun gbọ́: a lé ọ kúrò, nítorí pé o jẹ́ kí wọ́n máa gúnyán nítòsí ẹ̀rọ, èyí tó ba iṣẹ́ wa jẹ́.

"Ẹ tún un kà, Bàbá."

Mo tún un kà. Nínú ìwé ìròyìn, ilẹ̀ ló mì. Nínú lẹ́tà, iyán ni.

Mọ́kọ́lá ni wọ́n wà báyìí, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onílé ti kìlọ̀: òun ò fẹ́ gbọ́ odó. Bí aago méje bá lù, Moróunkẹ́ á jókòó lórí odó tí wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀, á máa ro ẹ̀bà.

Ẹ̀bà ò mi nǹkan kan.