Rọ́bà Tí Mo Rọ Epo Pupa Sí

Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe bẹntiróòlù ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì ló da máṣìn tíṣà láàmú, àmọ́ ohun tí mo sọ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú.

Ìgbà ìjọba ṣọ́jà ni, gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú ní Òrè. Tíṣà náà, àlejò tí wọ́n gbé wá kọ́ni ní Odìgbó, ní máṣìn oníkábúrétọ̀ méjì, kábúrétọ̀ tó ń po bẹntiróòlù mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì. Irú máṣìn bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni méjì tó jọ ru pákó kan: bí ọ̀kan bá ń sáré tí ìkejì ń wọ́sẹ̀, pákó á máa gbọ̀n. Iṣẹ́ àwa mẹkáníìkì ni kí àwọn méjèèjì máa mí bákan náà.

Ọ̀gá tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní irinṣẹ́ méjì fún un. Àkọ́kọ́ ni aago méjì tí a fi ń wọn bí kábúrétọ̀ ṣe ń fa atẹ́gùn sí, tí oníbàárà kan rà bọ̀ láti Èkó. Wọ́n ń dán, mo sì fẹ́ràn wọn, títí ọ̀gá fi ní kí n so wọ́n mọ́ kábúrétọ̀ kan ṣoṣo, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí èyí sọ, ìyẹn kò sọ ọ́.

"Ó yá, èwo lo fẹ́ gbà gbọ́?"

Ìkejì ni rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ọ̀gá kàn án mọ́ pákó, ó jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn, ọ́ìlì sì wà níkùn rẹ̀. Ẹnu kan lọ sí kábúrétọ̀ yìí, ẹnu kejì sí ìyẹn. Èyí tó bá fà jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ́ìlì ń gùn lọ. Bó bá dọ́gba, iṣẹ́ parí. Rọ́bà kan ni, kò lè bá ara rẹ̀ jiyàn. Títí dòní, òun ni mo yàn.

Ọ̀gá wá lọ sí ìlú wọn. Níbi tí mo ti ń nu pákó, mo da ọ́ìlì inú rọ́bà nù. Tuntun kò ṣeé rà. Àlòkù dúdú jù, kò ní jẹ́ kí n ríran. Mo bu epo pupa nínú ìgò ìyàwó ọ̀gá. Ó hàn ketekete. Mo gbóríyìn fún ara mi.

Tíṣà gbé máṣìn wá ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Mo tú kábúrétọ̀ méjèèjì, mo fọ̀ wọ́n, mo dè wọ́n padà, mo so rọ́bà mọ́ wọn. Epo dúró dọ́gba, kò mira.

"Ó ti bára mu, sà." N kò yí súkúrù tí a fi ń mú wọn dọ́gba rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti máṣìn dé, òógùn bò ó.

"Mẹkáníìkì, nǹkan yìí ń gbọ̀n bí oníbà!"

"Níbo lẹ ti ra bẹntiróòlù, sà?"

"Lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀gbẹ́ páàkì."

"Hẹn-ẹn. Wọ́n ti fi kẹrosíìnì lú u fún yín."

Ó lọ bú ìyá náà níwájú àwọn ọlọ́kadà tó tò sídìí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ìyá mú ìgò kan, ó bá a padà wá sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, tẹ́wọ́."

Ó da bẹntiróòlù sí mi lọ́wọ́. Ó gbẹ láìfi ọ̀rá sílẹ̀. Kẹrosíìnì kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Èmi àti òun mọ̀.

"Ṣé ó lọ́ràá?"

"Bóyá tàná ni wọ́n lú, mà."

"Gbogbo páàkì ló ń ta bẹntiróòlù, ọmọ mi. Orúkọ mi ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá bá mi rà." Ó yí padà, ó lọ.

Oòrùn ti mú. Mo tún so rọ́bà mọ́ kábúrétọ̀, kí tíṣà lè rí i pé ẹ̀bi mi kọ́. Kí n tó fọwọ́ kan súkúrù, epo pupa sáré lọ sápá kan, ó gun òkè, ẹ́ńjìnnì gbé e mì. Èéfín rú, òórùn epo gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀. Ọlọ́kadà kan pariwo láti òdìkejì títì:

"Mẹkáníìkì! Tí àkàrà yẹn bá jinná, bù fún wa o!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Epo tó dì nínú ọyẹ́ ni mo pè ní dídọ́gba.

Mo jẹ́wọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Mo tọrọ ọ́ìlì gidi díẹ̀, mo tún iṣẹ́ náà ṣe, máṣìn ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tíṣà lọ bẹ ìyá, àmọ́ èébú ti ṣáájú ẹ̀bẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò pẹ́, ìyá kó kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Agbábù.

Báyìí, kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà, mo máa ń dorí pákó rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kan, kí n rí i pé ohun inú rẹ̀ ń ṣàn. Kò sí oníkábúrétọ̀ méjì tó ń bà mí lẹ́rù mọ́. Ìyá yẹn ló kù. Tíṣà ló bá mi bẹ̀ ẹ́, ní kọ̀rọ̀. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdúró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ́nà Agbábù, lójú àwọn tó ń rà, kí n fẹnu ara mi sọ pé bẹntiróòlù rẹ̀ dára. N kò tíì lọ.