Ẹni tí Mo Kúnlẹ̀ Kí

Ojú mi kò fọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń káàánú mi nìyẹn. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú nígbà tí mò ń ti Ẹdẹ bọ̀ wá sílé wa ní Alajue. Mo forí gbálẹ̀, ọgbẹ́ náà sì jinná, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń rí ohun gbogbo ní méjì. Bí èèyàn kan bá dúró níwájú mi, èkejì rẹ̀ á dúró lápá òsì rẹ̀, á ga jù ú lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní kanlẹ̀.

Bí mo bá di ojú kan, èkejì yẹn á pòórá. Àmọ́ ta ló ń di ojú kan kí àgbà? Ìyàwó ilé ni mí. Bílẹ̀ bá ti mọ́, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n má baà dà bí ẹni tó ń ṣẹ́jú sí bàbá ọkọ, mo máa ń la ojú méjèèjì, màá sì mú ọ̀kan kí nínú àwọn méjì tí mo bá rí. Nígbà mìíràn, èyí tí kì í ṣe èèyàn ni mò ń mú.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá wo ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n tún wò mí.

"Ta lò ń kí, Ìyàwó?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ìyá sùn, wọn ò jí. Ẹnu ayé lẹbọ: bí mo bá ti yọ lókèèrè, inú yàrá ni kálukú ti ń dá mi lóhùn. Ó bí mi nínú, n ò ní purọ́. Ṣé èmi ni mo fi ọjọ́ ogbó sí wọn lára ni?

Bàbá ọkọ mi nìkan ni kò sá fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ kí wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì rọra yí ọrùn wo apá òsì wọn.

"Ẹnìkejì mi lo kí yẹn," ni wọ́n wí. "Ẹnìkejì ẹni kì í kúrò lọ́run láìnídìí. Ó wá mú mi ni."

Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bàbá gbé àdá kọ́, wọn ò lọ oko mọ́. Ọmọbìnrin mi á gbé oúnjẹ lọ fún wọn, á tún gbé e bọ̀ bó ṣe wà. Wọ́n sún sí etí ìjókòó, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lápá òsì. Lójú tèmi, ẹnì kan sì ti jókòó sí àyè náà. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé Bàbá á kú, àti pé ìkíni mi ni yóò pa wọ́n.

Ọkọ mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo. Dókítà ní iṣan tó ń darí ojú mi kan ti dẹ̀, ojú méjèèjì kò fẹnu kò mọ́. Ó fún mi ní gíláàsì ojú, ó lẹ ike tín-ín-rín kan mọ́ ojú rẹ̀ kan. Ìlà wẹ́wẹ́ kún ara ike náà, bí o bá fi èékánná fà á, á máa ró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ohun tí ojú kan ń rí padà sórí èyí tí ojú kejì ń rí. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́, dókítà méjì di ọ̀kan. Mo bú sẹ́kún.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo gbà lọ tààrà. Mo kúnlẹ̀, mo tẹjú mọ́ wọn.

"Bàbá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó."

Wọ́n nawọ́. "Gbé nǹkan ọ̀hún wá."

Dókítà ti kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ yá ẹni tójú rẹ̀ dá ṣáká ní gíláàsì náà, torí òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí méjì. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi nǹkan du bàbá ọkọ rẹ̀? Mo bọ́ ọ fún wọn. Wọ́n gbé e sójú, wọ́n wò mí, lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n gbójú sókè díẹ̀. Èmi tí mi ò ní gíláàsì lójú mọ́ náà sì tún ti ń rí wọn ní méjì. A di mẹ́rin nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

"Háà, Ìyàwó," Bàbá wí, ohùn wọn rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹnìkejì tìẹ ló wá, kì í ṣe tèmi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tiẹ̀ kanlẹ̀."

"Bàbá, gíláàsì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́." Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n fọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

Wọ́n jẹun tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbé àdá, wọ́n lọ sóko. Inú mi dùn, ó dùn dénú, torí mo fẹ́ràn Bàbá. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á di ọwọ́ mi mú pẹ́. Wọ́n á wá rọra béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi pa mọ́ de ọmọbìnrin mi.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní, "Kò sí, Bàbá." Lánàá, kí n tó fèsì, mo ti ń ro ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún un.