Ọmọ Ẹfúnkẹ́ àti Ilé Ọ̀ṣìnúbí

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fẹ́yìsetán nígbà tí Baba Ọ̀ṣìnúbí, adájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ní Ọ̀tà, gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Ẹfúnkẹ́, tó sì fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Alapoti.

“Obìnrin tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́,” ni adájọ́ wí, “kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ?”

Gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ ọmọ náà lákínyẹmí ara. Òun ló gbé dé ilé ìwé, òun ló fi kàwé òfin. Nígbà tó di lọ́yà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń du Èkó, Ṣàngó ní Ọ̀tà ló padà sí, ó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹjọ́ tọkọtaya nìkan ló ń gbà, ìyàwó ló sì máa ń gbèjà. Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọrọ̀ ajé di líle, dé, àwọn ilé iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ìjà wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ gbogbo. Iṣẹ́ pọ̀ fún un. Kò sí ọkọ tó borí rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù rí.

Lọ́dún 1990, Mùsílíù tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin gun àtẹ̀gùn rẹ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, ó gbé ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo lọ.

“Ẹ má bínú, n kì í gba ẹjọ́ ọkọ.”

“Ẹ ṣàánú mi, Lọ́yà. Gbogbo ẹ̀yin lọ́yà lẹ ń sá fún bàbá ìyàwó mi. Baba Ọ̀ṣìnúbí, tó ṣe adájọ́ nígbà kan.”

Fẹ́yìsetán fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ jókòó. Iṣẹ́ wo ni ìyàwó yín ń ṣe?”

“Wọ́n ti dá a dúró ní ilé iṣẹ́ aṣọ láti oṣù kẹta.”

“Ìyá tó dáa ni?”

Mùsílíù wolẹ̀. “Ó dáa, Lọ́yà.”

“Ẹ má sọ ìyẹn ní kọ́ọ̀tù.”

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Baba Ọ̀ṣìnúbí jókòó síwájú, ó ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rónkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ìyàwó Mùsílíù, dúró níwájú adájọ́. Fẹ́yìsetán kò wo obìnrin náà rárá. Bàbá Rónkẹ́ ló tẹjú mọ́.

“Olúwa mi, obìnrin tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ?”

Ètè arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n gbé ọmọ fún Mùsílíù. Níta, baba na ọ̀pá dí Fẹ́yìsetán lọ́nà.

“Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Ẹfúnkẹ́ ni mí, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí.”

Lẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin náà di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń ké. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹfúnkẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí Fẹ́yìsetán ròyìn fún un. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Tún un sọ! Ṣé ètè rẹ̀ gbọ̀n lóòótọ́?”

“Ó gbọ̀n, Màámi.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ, kò mẹ́nu ba igbe ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé iṣẹ́. Fún odidi oṣù mẹ́ta, kò sí ìyá ọmọ kankan tó gun àtẹ̀gùn Fẹ́yìsetán mọ́. Àwọn ọkọ ló ń wá, ó sì ń gba ẹjọ́ wọn.