Ọjọ́ Tí Mo Wo Kúlà Ìrẹsì

Kò sí ẹni tó fipá yí ọrùn mi. Èmi fúnra mi ni mo yí i, mo sì ti ju ọmọ àádọ́ta ọdún lọ lọ́jọ́ náà.

Tíṣà ni mí ní Joga-Orile. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń pè mí láti di aago mú nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣa àwọn ọmọ tó mọ eré í sá ní Yewa. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń wò ó. Bí àsíá bá ti wálẹ̀, o tẹ aago. Bí ọmọ rẹ bá ti kọjá ìlà, o tún un tẹ̀. Àwọn òbí a máa wá bẹ̀ mí, èmi a sì gbé àyà síwájú pé aago ò mọ ọmọ ẹnì kan. Bí mo bá rántí ìgbéraga yẹn báyìí, ojú a tì mí.

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà ni. Ìrẹsì tó ń gba Kùtọnù wọlé, tí a ti ń jẹ láti kékeré, wá di ohun tí à ń retí bí ẹni ń retí oṣù ọdún. Wọn ò jẹ́ kí epo dé àdúgbò ẹ̀bá bọ́dà mọ́. Ìdí nìyẹn tí Toheebat, ọmọ Eggua, fi rìn tó ìdajì ọ̀nà kí ó tó rí ọ̀kadà gbé e dé kámpù wa ní Aiyetoro. Ọmọbìnrin mẹ́rin péré là ń wá, tí yóò lọ sá igba mítà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí, aago ni yóò sì yàn wọ́n.

Toheebat ni wọ́n ní kí n wò. Àsíá wálẹ̀, mo tẹ aago. Ọmọ náà ń bọ̀, òun ló ṣìkejì, ni àwọn obìnrin tó ń dáná bá ṣí kúlà lẹ́yìn mi. Òórùn ìrẹsì gbá mi nímú. Mo yíjú wò ó bóyá yóò kárí wa. Nígbà tí mo yíjú padà, Toheebat ti kọjá ìlà, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń mí. Ìgbà náà ni mo tó tẹ aago.

Ká ní mo nawọ́ sókè pé mi ò rí i, wọn ì bá jẹ́ kó tún un sá. Àgbà bíi tèmi? Ohun tí aago sọ ni mo kọ. Ó ṣe ipò karùn-ún, ohun tí ẹni kẹrin fi jù ú ò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ó wá bá mi. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni mo ti kùnà?”

“O ò tètè gbéra,” ni mo wí.

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo lọ jẹun. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Èmi tí mo ń fi òwe yẹn kọ́ ọmọ ní kíláàsì ni mo tún béèrè bóyá ó ṣẹ́kù.

Oṣù méjì kọjá. Kámpù Abẹ́òkúta ti parí nígbà tí Toheebat bá mi nílé ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ru àpò kékeré kan.

“Ìrẹsì ni, sà. Màmá mi ní kí n fi dúpẹ́. Wọ́n ní ẹlòmíì ì bá tàn mí, ẹ̀yin sọ òótọ́. Àràárọ̀ ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbéra.”

Ó lóṣòó nínú àgbàlá wa, ó fò dìde, ó sá dé ìdí ọsàn. Ìgbéra rẹ̀ ò lábùkù, kò sì lábùkù rí.

Ìyàwó mi ti di àpò náà mú.

“Toheebat, mi ò wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kúlà pamọ́.

“Nítorí ìrẹsì, sà?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gba àpò náà lọ́wọ́ ìyàwó mi jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ó dàbọ̀ o, mà.” Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó gba iwájú mi kọjá, kò sì kí mi.